Ẹsẹ̀ Tí Kò Sí Mọ́: Ọ̀rọ̀ Sójà àti Ìyá Olówùú ní Ìsẹ́yìn

Ẹsẹ̀ tí wọ́n ti gé ni ó ń dun ún. Ohun tó gbé e wá sílé mi nìyẹn ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, kí oòrùn tó mú. Ó jókòó sórí àga ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri, ó wá tọ́ka sílẹ̀ níbi tí àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún ìbá wà. Ó ní, "Mà, àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ló ká jọ, wọn ò fẹ́ nà. Láti àná ni. Mi ò sùn." Mo wo ibi tó tọ́ka sí. Ẹní mi nìkan ni mo rí níbẹ̀.

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n àdúgbò kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà fẹ̀yìn tì lára mi. Ẹni tí egbò rẹ̀ kò jinná, ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ga, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń kọ́kọ́ yà kí wọ́n tó ronú ọsibítù. Bí mo ṣe di alárinà nínú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ọkùnrin yìí àti obìnrin kan tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí nìyẹn. Àwọn méjèèjì ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí oríṣi mẹ́ta ni wọ́n ń sọ ọ́ kiri ní Ìsẹ́yìn, kò sì sí ọ̀kan tó rí bẹ́ẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mi ò ní dárúkọ wọn. Sójà ni gbogbo ènìyàn ń pe ọkùnrin náà. Òwú ni obìnrin náà ń tà, Ìyá Olówùú ni wọ́n ń pè é. Èmi náà á pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ọmọ agbo ilé ahunṣọ ni Sójà. Ẹni tó bá mọ ìlú wa mọ̀ pé aṣọ òfì ni a fi ń mọ̀ wá: sányán, àlàárì, ẹtù. Nínú agbo ilé wọn, ọmọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti tó ìtẹsẹ̀ á ti máa hun. Òun náà hun títí ó fi pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, kó tó wọṣẹ́ ológun. Ó ti di kọ́púrà, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, nígbà tí ọkọ̀ wọn gun bọ́ǹbù tí àwọn Boko Haram rì sójú ọ̀nà tó ti Màídúgùrí lọ sí Dámbóà. Apá ọ̀tún ni ó jókòó sí. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ náà kò délé. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lábẹ́ orúnkún, ó pẹ́ ní ọsibítù ológun, wọ́n fún un ní ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, wọ́n sì dá a sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nítorí àìlera. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni nígbà tó padà sí ilé bàbá rẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn ará ilé rẹ̀ kò mọ̀, tí kò sì sí ẹni tó jókòó ṣàlàyé fún wọn. Kùkùté ẹsẹ̀ kì í dúró bí wọ́n ṣe gé e. Ó máa ń wú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, lẹ́yìn náà á máa fọn díẹ̀díẹ̀ fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tó bá a mu rẹ́gí nígbà tí wọ́n fún un ti ń mì lára rẹ̀ bí ọmọ odó nínú odó. Ó ń ki àkísà sínú rẹ̀ kó lè le. Àkísà náà ló dá egbò sí i lára, egbò náà ló sì ń jẹ́ kó jókòó sílé látàárọ̀ dalẹ́. Àwọn tó ń kọjá wá rò pé ọ̀lẹ ni, tàbí pé orí rẹ̀ kò pé mọ́.

Ní ti ẹsẹ̀ tí kò sí tó ń dun ún, ìyá rẹ̀ ti gbé e kiri. Ẹnìkan ní àwọn tó kú lójú ogun ló ń fà á. Ẹlòmíràn ní àsasí ni. Mo sọ fún un ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn pé kì í ṣe ọ̀kankan. Ọpọlọ ni kò tíì gbà pé ẹsẹ̀ ti lọ. Ààyè ẹsẹ̀ náà ṣì wà nínú ọpọlọ, ó ń ránṣẹ́ sí i, kò rí èsì gbà, ó wá ń pariwo. Láti àwọn ọdún 1990 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Ramachandran ti fi hàn pé dígí lè ràn irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n á gbé dígí gígùn sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, kí aláìsàn máa wo òjìji ẹsẹ̀ tó kù nínú rẹ̀ bíi pé ẹsẹ̀ tó lọ ló padà dé, kó sì máa mi àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 2007, àwọn dókítà ọsibítù ológun Walter Reed ní Amẹ́ríkà dán an wò lára àwọn ọmọ ogun tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀: ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Gbogbo àwọn tó lo dígí náà ló ní ìrora àwọn dín. Mo ti kà á kí n tó fẹ̀yìn tì, kò sì kúrò lọ́kàn mi.

Dígí ni kò sí. Tèmi kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mo rò ó títí, mo wá rántí pé dígí kan wà ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Olówùú tó ga tó ènìyàn, níbi tí àwọn tó wá ra aṣọ ń da aṣọ bora wò. Mo kọ ìwé péńpé kan, mo fi rán an sí i. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wí pé obìnrin náà lọ fa ọkùnrin, kó wá bi mí. Èmi ni mo rán an lọ.

Ìyá Olówùú jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta nígbà náà. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tó ti kó kúrò nílé ọkọ ní Ṣakí pẹ̀lú ọmọ méjì. Mi ò ní tú ọ̀rọ̀ ilé ọkọ rẹ̀ síta. Mo kàn lè sọ pé ní alẹ́ tó dé, èmi ni mo fi abẹ́rẹ́ rán orí fún un. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí ta òwú, àwìn ló fi ń kó ọjà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí fi máa ṣẹlẹ̀, àwọn ahunṣọ tó ń hun fún un ju mẹ́wàá lọ, ó sì ń rán aṣọ lọ sí Ìbàdàn àti Èkó. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ọkùnrin ń kọ́ṣẹ́. Síbẹ̀, bí ìnáwó bá wà, tí àwọn obìnrin bá ń jókòó gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé kan àti ìyàwó ilé kejì, kò sí ibi tó ń jókòó sí. Dálémoṣú ni. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í lọ lára ènìyàn, bó ti wù kó lówó tó. Mo ti rí i tó dìde kúrò nídìí abọ́ ìrẹsì nítorí pé ẹnìkan fi ọ̀rọ̀ náà pe ọmọ rẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Sójà lo dígí náà, mo bá a lọ. Ìyá Olówùú fa kọ́tìnnì ṣọ́ọ̀bù. Mo gbé dígí sáàárín itan rẹ̀, mo ní kó wo inú rẹ̀, kó máa ká ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì kó sì máa nà án. Ó wò ó. Ó rí ẹsẹ̀ méjì. Ọkùnrin tó ti ogun Borno bọ̀, omijé bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú rẹ̀ láìṣe ariwo kankan. Mo fẹ́ẹ̀ ki pẹ̀lẹ́ bọ ẹnu. Ìyá Olówùú kò sọ pẹ̀lẹ́. Ó dúró dìgbà tó nu ojú tán, ó ní:

"Ọwọ́ rẹ ńkọ́?"

"Ọwọ́ mi kò ṣe nǹkan kan, mà."

"Àwọn tó ń bá mi ká òwú ti lọ jẹ ìnáwó. Ṣé o kò ní lè bá mi ká èyí kí ilẹ̀ tó ṣú?"

Ó ká a. Ó padà lọ́jọ́ kejì fún ìṣẹ́jú 15 dígí rẹ̀, ó sì ká òwú di ọ̀sán. Lọ́sẹ̀ kejì ó ti ń ta ìta fún àwọn ahunṣọ, ìyẹn ni títa òwú gbọọrọ sílẹ̀ kí wọ́n tó hun ún, nítorí ọwọ́ tó kọ́ ọ ní kékeré kò gbàgbé. Kí ọ̀sẹ̀ kẹrin tó pé, àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ tí kò sí ti ń nà, ó ń sun oorun wákàtí márùn-ún. Mi ò sọ pé gbogbo rẹ̀ lọ. Títí di òní, bí ọyẹ́ bá mú, ó ń dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí dígí ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán, Sójà kò dẹ́kun àtilọ, mo sì bi í ní ọjọ́ kan pé kí ló ń lọ ṣe. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Mà, níbi gbogbo tí mo bá dé ní ìlú yìí, 'ẹ kú àmúmọ́ra' ni wọ́n ń kí mi. Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń kí mi kú iṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń béèrè pé kí ló rí lára obìnrin náà gbọ́. Wọ́n ń wá oògùn nínú ọbẹ̀. "O kú iṣẹ́" ni oògùn náà.

Ìtẹsẹ̀ òfì tiwa méjì ni, ẹsẹ̀ ọ̀tún àti òsì ló ń tẹ̀ ẹ́ ní ìkọ̀ọ̀kan kí òwú lè máa yà kí ọ̀kọ̀ lè kọjá. Ẹlẹ́sẹ̀ kan kò lè hun ún bí ó ti yẹ. Ìyá Olówùú ló kọ́kọ́ dá a lábàá pé kó gbìyànjú òfì òòró, irú èyí tí àwọn ìyá wa fi ń hun kíjìpá, nítorí ọwọ́ nìkan ni wọ́n fi ń hun ìyẹn, kò ní ìtẹsẹ̀. Sójà ní òfì obìnrin kọ́ ni òun kọ́. Mo rò pé ìyẹn máa dá ìjà sílẹ̀, kò dá a. Ohun tó ṣe ni pé ó wá báńdéèjì lọ́wọ́ mi, ó fi ìbọ̀sẹ̀ òwú mẹ́ta nípọn wọ kùkùté ẹsẹ̀ dípò àkísà gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ, ó sì fi awẹ́ aṣọ òfì kan so ẹsẹ̀ àtọwọ́dá náà mọ́ ìtẹsẹ̀ ọ̀tún. Kò lè mọ̀ ọ́n lára bí ẹsẹ̀ bá yọ̀ kúrò lórí ìtẹsẹ̀, ìdí tó fi so ó nìyẹn. Itan ló fi ń tì í. Ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin ń hun lọ́jọ́ kan, ọjọ́ méjì ló ń gbà á. Aṣọ rẹ̀ gún ju tiwọn lọ. Mo ní àlàárì kan tó hun nínú àpótí mi, ẹni tó bá fẹ́ wá wò ó.

Ọ̀rọ̀ wá ń gbilẹ̀ nígboro. Àkọ́kọ́, pé obìnrin náà fi nǹkan sí oúnjẹ rẹ̀. Ìkejì, pé owó ìfẹ̀yìntì ológun ló ń lépa. Ìkẹta, pé ọkùnrin náà ló ń jẹ obìnrin náà, pé aláìlẹ́sẹ̀ ti rí ibi fẹ̀yìn tì. Ti owó ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí ibẹ̀ ni iná wà. Nígbà tí Sójà wọṣẹ́, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ sínú ìwé tí àwọn ológun fi ń mọ ẹni tí wọ́n máa kó ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún bí nǹkan bá ṣe é. Ohun tó tọ́ ni nígbà náà, kò tíì níyàwó. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ti mú orúkọ inú ìwé yẹn bí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá ń pariwo pé ìyá arúgbó ni àbúrò òun fẹ́ fẹ́, ìwé yẹn ló ń bẹ lẹ́nu rẹ̀. Mo sọ ọ́ lójú rẹ̀ ní agbo ilé wọn, mo sì ń tún un sọ níbí.

Àwọn méjèèjì kò ì bá ara wọn sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ nígbà tí ìlú ti gbé wọn níyàwó. Ẹ̀yìn Iléyá ni Sójà tó wá bá mi pé kí n bá òun lọ sọ fún Ìyá Olówùú. Mo ní kí ló dé tí kò fúnra rẹ̀ sọ ọ́, àwọn tí wọ́n jọ ń wà látàárọ̀ dalẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n, mà. Mo ń sọ 'ẹ' sí wọn. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi 'ẹ' kọ ẹnu ìfẹ́." Mo lọ sọ ọ́. Ìyá Olówùú ń ka bọ́bìnì òwú, kò sì gbójú sókè. Nígbà tó kà á tán, ó ní òun ti gbọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án ló ránṣẹ́ pé òun gbà.

Ibi tí mo ti rí àṣìṣe tirẹ̀ nìyí, mi ò sì ní bò ó nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ti fẹnu kò pé ọ̀nà ìjọba ni wọ́n kọ́kọ́ máa gbà, kí ìwé wà, nítorí ọ̀rọ̀ owó tí ẹ̀gbọ́n ń jà lé. Wọ́n lọ sí ọ́fíìsì ìgbéyàwó. Òfin ìgbéyàwó wa ní kí ẹni tó bá fẹ́ ṣègbéyàwó níbẹ̀ búra pé òun kò sí lábẹ́ ọkọ tàbí aya mìíràn nípa àṣà ìbílẹ̀. Akọ̀wé ka ìbúra náà sókè. Ìyá Olówùú gbé bírò, ó tún gbé e sílẹ̀. Ó ní òun kò lè fọwọ́ sí i.

Ọdún mọ́kànlá tó ti kúrò nílé ọkọ, kò sí ẹni tó tú yìgì náà. Ọkọ kò kọ̀ ọ́, ẹbí rẹ̀ kò dá owó orí padà, kò sì sí ẹni tó dé kóòtù. Ìlú ń pè é ní dálémoṣú, ṣùgbọ́n ní ti òfin àti ti ẹ̀sìn, ìyàwó ọkùnrin Ṣakí náà ló ṣì jẹ́. Ó mọ̀. Oṣù mẹ́rin tí òun àti Sójà ti ń jíròrò, kò sọ ọ́. Sójà gbé ọ̀pá rẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ tó ń mì yẹn rìn láti ọ́fíìsì yẹn dé ilé wọn, kò gun ọ̀kadà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò yà sí ṣọ́ọ̀bù. Egbò rẹ̀ tún yọ. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, a kò sì sọ̀rọ̀ kankan lórí rẹ̀.

Mo lọ bá obìnrin náà, inú ń bí mi. Mo ní kí ló mú un pa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, mà. Bí mo bá sọ pé mo ṣì wà lábẹ́ ọkùnrin yẹn, ṣé kì í ṣe pé mo tún jẹ́ kó fọwọ́ kàn mí?" Mi ò rí èsì fún un. Mo ṣì rò pé ó yẹ kó sọ ọ́. Mo sì mọ orí tí mo rán.

Sójà ló padà, kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Ó kó owó wá. Ní ayé àtijọ́ pàápàá, ọkùnrin tó bá fẹ́ fẹ́ obìnrin tó kúrò nílé ọkọ ló sábà ń san owó orí padà fún ọkọ àkọ́kọ́, kò sì lòdì sí àṣà. Obìnrin náà ti owó náà padà fún un. Ó ní, "Bàbá mi ló gba owó, èmi ni wọ́n fi dípò rẹ̀. Èmi náà ni màá dá a padà."

Kóòtù ìbílẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ náà nígbà mẹ́ta. Ọkọ àárọ̀ wá lẹ́ẹ̀kejì, ó ní òun kò kọ ìyàwó òun, òun ń retí rẹ̀. Ààrẹ kóòtù bi í pé láàárín ọdún mọ́kànlá, ìgbà mélòó ló wá a wá, kí ló fi ránṣẹ́ fún àwọn ọmọ. Ó wo ilẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú ìgbéyàwó náà ká, Ìyá Olówùú tú owó orí àti sàdáàkì láti inú tòbí, ó kà á síwájú akọ̀wé ní ẹ̀ẹ̀mejì, ó gba ìwé, ó sì fi ìwé náà sínú tòbí níbi tí owó ti kúrò. Mo wà níbẹ̀. Kò sunkún, èmi ni mo sunkún. Lẹ́yìn náà ó ka nǹkan oṣù rẹ̀ mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ṣe là á sílẹ̀ kí yìgì tuntun tó lè so.

Ìpàdé ẹbí ló kù. Ààfáà tí wọ́n pè gbìyànjú gan-an. Ó ní kí wọ́n má fi ọjọ́ orí kọ ohun tí Ọlọ́run kò kọ̀. Ó rán wọn létí ìtàn tí gbogbo wa gbọ́ ní ilé kéú, pé opó oníṣòwò ni Kadíjà, pé ọmọ ogójì ọdún ni nígbà tí Ànábì fẹ́ ẹ ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, àti pé iṣẹ́ òwò rẹ̀ ni Ànábì ń bá a ṣe kó tó fẹ́ ẹ. Gbogbo agbo ilé ń mi orí. Ìyá Sójà jẹ́ kó sọ tán. Ó ní, "Ààfáà, òótọ́ ni ẹ sọ. Kadíjà bí ọmọ fún Ànábì. Ṣé èyí náà á bí fún tèmi?"

Gbogbo ilé dákẹ́. Wọ́n wá kọjú sí mi, èmi nọ́ọ̀sì. Mo lè fi Ọlọ́run bò ó, kí n ní kò sí ohun tí kò lè ṣe. Mo sọ òótọ́: pé ní ọjọ́ orí yẹn, kò wọ́pọ̀ kí obìnrin lóyún fúnra rẹ̀, pé bó bá tilẹ̀ lóyún ewu rẹ̀ pọ̀, pé kí ẹnikẹ́ni má fọkàn sí i. Ìyá rẹ̀ fi ìborùn bo ojú. Mi ò lè bínú sí i. Ọmọ tó bí sílé ayé pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjì, wọ́n dá a padà fún un pẹ̀lú ẹyọ kan, wọ́n tún wá ń sọ fún un pé kò ní rí ọmọ-ọmọ gbé jó lára rẹ̀. Sójà ní, "Ìyá mi, àwọn mẹ́ta tí a jọ wà nínú ọkọ̀ yẹn, gbogbo wọn ló bímọ. Èmi ni mo wà láàyè. Ẹ jẹ́ kí n gbé ayé náà." Ìyá rẹ̀ dìde, ó wọ yàrá lọ. Bàbá ló sọ pé kí wọ́n máa bá ètò lọ.

Wọ́n so yìgì ní Sátidé kan, kò sí ìlù. Lẹ́yìn náà wọ́n padà sí ọ́fíìsì ìjọba, wọ́n lẹ ìwé ìkìlọ̀ ìgbéyàwó wọn mọ́ ògiri fún ọjọ́ 21 tí òfin ní, kò sí ẹni tó wá ta kò ó, Ìyá Olówùú sì búra, ó fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yìgì yẹn, nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà agbo ilé ọkọ rẹ̀, kò sí omi. Ìyá ọkọ ló yẹ kó yan ìyàwó ilé tó máa da omi sí ìyàwó tuntun lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kó lè fi ẹsẹ̀ rere wọlé. Ìyá rẹ̀ kò yan ẹnikẹ́ni. Obìnrin náà dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó bọ́ bàtà, ó fi eruku ẹsẹ̀ wọlé.

Èmi rò pé ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló le jù, ju kóòtù lọ. Nínú ilé Yorùbá, ọjọ́ tí ìyàwó wọlé la fi ń mọ àgbà láàárín àwọn ìyàwó, kì í ṣe ọjọ́ tí a bí i. Ìyàwó àbúrò Sójà kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lọ, ó sì ti wọlé ṣáájú, ìyálé ni. Ìyá Olówùú, tí àwọn ahunṣọ ń dọ̀bálẹ̀ fún, ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀. Kò pe àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, lórúkọ rí. Eyínfúnjowó ló sọ ọ́. Mo bi í bóyá kò nira. Ó ní ọdún mọ́kànlá ni òun kò fi ní ibi tí wọ́n ti lè sọ òun ní kékeré, pé ẹni tó bá kéré nínú ilé, ó wà nínú ilé náà.

Òru kì í rọrùn. Sójà ṣì ń jí pẹ̀lú igbe ní àwọn alẹ́ kan, pàápàá bí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní bá ń súnmọ́, ọjọ́ tí wọ́n ń rántí àwọn ológun tó kú. Mo ti júwe dókítà ọpọlọ kan ní Ìbàdàn fún un, ó lọ lẹ́ẹ̀mejì, mo ṣì ń rọ̀ ọ́ kó padà lọ. Ìyàwó rẹ̀ kọ́ láti má ṣe fọwọ́ kàn án bó bá ń pariwo bẹ́ẹ̀. Ó máa ń jókòó jìnnà díẹ̀, á máa kí i: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́, títí ojú rẹ̀ á fi là. "Ẹ" ni ó ń sọ sí i báyìí, nítorí ọkọ rẹ̀ ni. Òun náà kò sì ṣíwọ́ "ẹ" tirẹ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n ni. Ẹni tó bá ń gbọ́ wọn láti ẹ̀yìn ògiri á rò pé àlejò méjì ló ń kí ara wọn.

Ìyá rẹ̀ kò jẹun nílé wọn. Ó gba aṣọ tí wọ́n fún un ní ọdún Ìtúnu, kò tíì dá a.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àbúrò Sójà tó kéré jù gbé ìyàwó, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Gbogbo àwa tí wọ́n fìwé pè wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwọn onílù. Ìyá jáde pẹ̀lú igbá omi lọ́wọ́. Ó wo àwọn ìyàwó ilé tó tò, ó kọjá ọ̀dọ̀ ìyálé, ó kọjá ọ̀dọ̀ ìkejì. Ó dúró níwájú Ìyá Olówùú, kò wò ó lójú, ó na igbá náà sí i, ó ní, "Ìwọ ni kí o wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀." Ìyá Olówùú kúnlẹ̀ gbà á. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ láti da omi, ìyá náà tẹ̀ síwájú, ó bu díẹ̀ nínú igbá náà, ó sì rọra dà á sórí ẹsẹ̀ Ìyá Olówùú alára tó mú igbá dání.